Ṣóòkù Tó Le Nínú Ọkọ̀ Bàámi

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kejì ọdún 2025, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Ìbàdàn. Kò tilẹ̀ kí mi dáadáa kí ó tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: "A ti fẹnu kò. A ó ta ọkọ̀ Bàbá." Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti dá iye tí wọn yóò san. Mẹkáníìkì kan tó yẹ ọkọ̀ náà wò sọ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú tán, pé ìdí nìyẹn tí ó fi ń mu epo lámujù tí ó sì ń tú èéfín dúdú, àti pé kò sí ọ̀nà àbáyọ àfi kí a ra ẹ́ńjìnnì mìíràn.

"Owó ẹ́ńjìnnì yẹn ju owó ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo bi í pé, "Kí ni Bàbá sọ sí i?"

"Bàbá kò sọ nǹkan kan."

Ìdáhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Olùkọ́ ni bàámi títí ó fi fẹ̀yìn tì, n kò sì rí ọjọ́ kan rí tí ọ̀rọ̀ kan ọkọ̀ yẹn tí òun kò ní ohun tí yóò sọ. Mo pinnu pé kí wọ́n tó fi ọkọ̀ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, màá fi ojú ara mi rí i. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ wà ní àgbàlá òbí yín.

Ọkọ̀ tí gbogbo ilé mọ̀

Peugeot 504 ni ọkọ̀ náà. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé, òun ni wọ́n sì yàn ní ọkọ̀ tó gba ipò kìíní ní Yúróòpù fún ọdún 1969. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì ń to ọkọ̀ náà jọ ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín. Kò pẹ́ tí 504 fi di ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ dókítà àti ti ọ̀gá ilé ìwé. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn sì di ọkọ̀ akérò tó ń kó èrò láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000 lè má tíì wọ ọ̀kan rí, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn òbí yín; ojú wọn yóò kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dá yín lóhùn.

Ọdún 1984 ni bàámi ra tirẹ̀, pẹ̀lú owó tí ó yá níbi iṣẹ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n fi gbé mi wálé láti ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Inú rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wakọ̀. Lónìí, òun ni bàámi fi ń gbé màámi lọ sí ọjà ẹja ní Olúwo, òun náà ni wọ́n sì fi ń lọ sí ibi ìsìnkú àti ìgbéyàwó nínú ìlú. Bí a bá ta ọkọ̀ yẹn, arúgbó méjì ni yóò máa dúró de ọ̀kadà lójú títì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ̀bi. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni nǹkan ti yí padà. Kí ọdún 2024 tó parí, lítà epo kan ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Lítà 20 tó ń gbé bàámi ká fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀ kò pé ọjọ́ mẹ́fà mọ́. Owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́

Ìkòròdú ni mò ń gbé. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbéra ní àfẹ̀mọ́jú, mo gba ọ̀nà Itóìkin, mo kọjá Kétu, nígbà tí oòrùn sì fi máa mú, mo ti dé ilé àwọn òbí mi ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́ wọ àgbàlá.

Mo bẹ bàámi pé kí wọ́n ṣáná sí ọkọ̀ náà. Wọ́n jókòó, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹnu yà mí. Ẹ́ńjìnnì tó ti kú tán kì í dáhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tó ìṣẹ́jú kan tí èéfín dúdú fi bo ẹ̀yìn ọkọ̀, òórùn epo tí kò jóná sì gba gbogbo àgbàlá. Mo na ojú wọ inú ọkọ̀. Mo rí orí dúdú kékeré kan tó yọ síta lára dáṣíbọ́ọ̀dù bí àtàǹpàkò.

"Bàbá, ṣóòkù wà níta."

"Mo mọ̀," ni wọ́n dáhùn.

Mo na ọwọ́, mo tì í. Kò mira. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í, ó wọlé díẹ̀, ó sì há. Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo ló ti wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo apá ọ̀sà, wọ́n ní, "Láti ìgbà ọyẹ́."

Ọyẹ́ oṣù Kejìlá ni wọ́n ń wí. Ó ti lé ní oṣù méjì tí ọkọ̀ náà ti ń rìn pẹ̀lú ṣóòkù níta. Bàámi tó kọ́ mi pé kí n má ṣe jẹ́ kí ṣóòkù wà níta ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ló sì ń wà á. Mo fẹ́ béèrè ìdí rẹ̀. Màámi mi orí sí mi láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo sì pa ẹnu mọ́.

Kí ni iṣẹ́ ṣóòkù?

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní mọ ṣóòkù, nítorí kò sí nínú ọkọ̀ òde òní. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, kabúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ atẹ́gùn kí ó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, nǹkan bí ìwọ̀n 15 atẹ́gùn sí ìwọ̀n 1 epo ni ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, epo kì í tètè di oruku tó lè gbaná. Púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara irin. Nítorí náà, epo gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i nínú àpòpọ̀ náà kí iná tó lè ràn.

Ohun tí ṣóòkù ń ṣe nìyẹn. Ewé irin pẹlẹbẹ kan wà ní ọ̀nà ọ̀fun kabúrétọ̀. Bí a bá fa orí ṣóòkù lára dáṣíbọ́ọ̀dù, wáyà kan tó gba inú ihò ògiri irin lọ sí iwájú ọkọ̀ yóò fa ewé náà, yóò sì dí ọ̀nà atẹ́gùn. Atẹ́gùn yóò dín kù, epo yóò pọ̀ sí i, ọkọ̀ yóò sì dáhùn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbóná, a ó máa tì í padà díẹ̀díẹ̀ títí ewé náà yóò fi ṣí tán.

Bí ó bá wá há síta ńkọ́? Epo yóò máa pọ̀ jù ní gbogbo ìgbà. Èyí tí kò bá jóná yóò di èéfín dúdú, yóò bo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Òmíràn yóò máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, yóò sì ṣàn sísàlẹ̀ lọ bá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì jẹ́. Bí èyí bá pẹ́, ẹ́ńjìnnì yóò jẹ lóòótọ́. Mo tú púlọ́ọ̀gì kan wò: ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, mo gbóòórùn rẹ̀: òórùn epo wà lára rẹ̀. Mẹkáníìkì yẹn rí àmì àìsàn náà dáadáa. Orísun rẹ̀ ni kò wá.

Níbo gan-an ni ó ti le?

Ohun tí àwọn àgbà wa wí ni pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí ṣóòkù bá le, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ni kí a fa á pẹ̀lú agbára. Wáyà inú rẹ̀ lè ká, ó sì lè já. Ìdánwò kan wà tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, tí yóò sọ ibi tí àrùn náà wà.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo dúró kí ó tutù, mo sì tú okùn bátìrì. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo gbé ìdérí asẹ́ atẹ́gùn kúrò lórí kabúrétọ̀, mo wá ibi tí wáyà ṣóòkù ti so mọ́ ewé irin náà. Súkúrù kékeré kan ló dì í mú. Mo tú u, wáyà sì bọ́ sílẹ̀. Ní báyìí, apá méjì ti yàtọ̀ sí ara wọn: ewé irin wà lọ́tọ̀, wáyà wà lọ́tọ̀.

Mo fi ìka kan ti ewé irin náà. Ó ṣí, ó pa dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀tí jẹ́ kí ó fà díẹ̀. Mo lọ sínú ọkọ̀, mo fa orí ṣóòkù. Ó le bí òkúta síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì, kò sí ohun tó ṣe kabúrétọ̀. Wáyà ni.

Mo tọ ipa ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹnìkan tó tún nǹkan mìíràn ṣe nígbà kan rí ti ká a ní kọ́rọ́ gbígbóná, ó sì fi okùn ọ̀rá dì í mọ́ páìpù kan pinpin. Wáyà ṣóòkù kò fẹ́ irú kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtẹ̀ tó fẹ̀ ló ń fẹ́. Mo tú gbogbo rẹ̀ jáde, àti wáyà àti àpò irin rẹ̀, mo wé e sínú ìwé ìròyìn, mo sì gbé e padà sí Ìkòròdú.

Ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá kan kọ́ mi ní Ìkòròdú

Ọ̀gá mẹkáníìkì àgbàlagbà kan wà ní ọ̀nà Ògòlòǹtò tó ti ń tún Peugeot ṣe láti ìgbà tí èmi kò tíì dáyé. Mo kí wọn, mo tú ìwé ìròyìn. Wọn kò béèrè irú ọkọ̀ tó jẹ́. Wọ́n fi ìka tọ́ wáyà náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀pẹ́ ni ọkọ̀ yìí ń gbé, àbí? Ìpẹtà etí omi rèé."

Wọ́n jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n bí ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ní irú wáyà inú àpò yìí kì í ṣe ohun àná; Ernest Bowden ló gba ìwé àṣẹ fún irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1896, kẹ̀kẹ́ ológeere àti alùpùpù sì ń lò ó di òní. N kò mọ ibi tí wọ́n ti rí ìyẹn kà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo wò ó, òótọ́ ni. Wọ́n ní ọ̀tá wáyà ṣóòkù ní ilẹ̀ wa mẹ́ta ni: omi, eruku àti ìsinmi. Nínú ooru wa, ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ni ọkọ̀ kì í nílò ṣóòkù rárá. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ìpẹtà á máa dàgbà nínú àpò rẹ̀, títí ọyẹ́ yóò fi dé tí a ó fà á jáde tí kò ní padà mọ́.

Ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún un nìyí. Wọ́n fa wáyà jáde pátápátá kúrò nínú àpò rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀ láti wá ibi tó ti já tàbí tó ti ká. Wọ́n ní bí òwú wáyà bá ti ń já, tàbí tí ó bá ti ká ní àárín, kí a má ṣe tún un ṣe. Kí a ra tuntun. Tiwa kò já. Ẹnu ibi tí súkúrù ti ń tẹ̀ ẹ́ nìkan ló ká, wọ́n sì gé ìwọ̀nba rẹ̀ kúrò nítorí ó gùn tó. Wọ́n fi sáńpépà tó kúnná ha ìpẹtà ara rẹ̀. Wọ́n da kẹrosíìnì sínú àpò irin náà, wọ́n gbé e kọ́ lóòró kí ó lè ṣàn jáde. Ohun tó jáde pọ́n bí omi osùn. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta títí ó fi mọ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ ẹ gbẹ, wọ́n sì kán ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, irú èyí tí àwọn aránṣọ ń kán sí ẹ̀rọ wọn. Nígbà tí wọ́n ti wáyà padà sínú rẹ̀, ó lọ bí ẹja nínú omi.

Mo bi wọ́n pé báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti dára. Wọ́n ní, "Má fi ọwọ́ tìrẹ dán an wò. Ọwọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà ni kí o fi dán an wò."

Sátidé kejì: bí a ṣe dá a padà

Mo padà sí Ẹ̀pẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ rí i dájú pé ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ tú okùn bátìrì, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá tàbí tan iná nítòsí, nítorí oruku epo máa ń gbaná kíákíá.

Mo kọ́kọ́ fín oògùn ìfọ kabúrétọ̀ sí etí méjèèjì ewé irin náà, mo ń ṣí i mo ń pa á dé títí ìdọ̀tí fi ṣàn kúrò. Ẹ má ṣe kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì síbẹ̀. Eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì tún le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lẹ́yìn náà, mo gba wáyà kọjá nínú rọ́bà tó wà ní ihò ògiri irin, kí irin má bàa máa gé e. Mo jẹ́ kí ó tẹ̀ ní kọ́rọ́ tó fẹ̀, mo sì gbé e jìnnà sí páìpù èéfín tó ń gbóná.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni ìgbà tí a bá fẹ́ so ó. Mo ti orí ṣóòkù wọlé tán, mo sì fa á padà síta díẹ̀, bí ìnípọn owó ẹyọ méjì. Mo ṣí ewé irin tán, lẹ́yìn náà ni mo tó di súkúrù mọ́ wáyà. Àlàfo kékeré yẹn ló ń mú un dájú pé bí a bá ti orí ṣóòkù wọlé, ewé náà ṣí tán ní tòótọ́. Mo fa orí ṣóòkù: ewé pa dé. Mo tì í: ewé ṣí. Mo fọ àwọn púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì pààrọ̀ ọ́ìlì tí epo ti bà jẹ́.

Ìta gbangba ni a ti ṣáná sí i, nítorí èéfín ọkọ̀ nínú gárèjì tí a tì lè pa ènìyàn láìjẹ́ pé ó gbóòórùn nǹkan kan. Èéfín dúdú jáde fún ìgbà díẹ̀, ó rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tán. Ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́.

Ọwọ́ ta ni ó le?

Mo pe bàámi pé kí wọ́n wá dán an wò. Wọ́n jókòó, wọ́n wo orí ṣóòkù náà fún ìgbà díẹ̀, wọn kò fọwọ́ kàn án. Ìgbà náà ni mo wo ọwọ́ wọn dáadáa. Oríkèé ìka wọn ti wú, ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún sì ti tẹ̀. Màámi ti sọ fún mi ní Sátidé àkọ́kọ́, nígbà tí a wà ní ilé ìdáná, pé àwọn ló ń bá wọn di bọ́tìnnì ẹ̀wù láti bí oṣù mẹ́fà.

"Bàbá," ni mo wí, "kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé wọn kò ní dáhùn. Wọ́n wá ní, "Bí mo bá ní ṣóòkù le, ẹ ó rán mẹkáníìkì wá. Mẹkáníìkì yóò fi ọwọ́ kan tì í wọlé, yóò sì sọ fún yín pé kì í ṣe ṣóòkù ló le, ọwọ́ mi ni. Ọjọ́ yẹn ni ẹ ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Bàámi yàn láti pàdánù ọkọ̀ nítorí ẹ́ńjìnnì ju kí wọ́n pàdánù rẹ̀ nítorí ọwọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi sọ nǹkan kan nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń dúnàádúrà pẹ̀lú àwọn oní-irin àlòkù.

Mo ní, "Bàbá, ó le fún èmi náà. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi tì í, kò sì wọlé."

Wọ́n wò mí bóyá mò ń tan àwọn ni. Wọ́n rántí pé òótọ́ ni, wọ́n ti rí mi. Wọ́n wá na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n fi ìka méjì mú orí ṣóòkù, wọ́n fà á. Ó jáde. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tì í. Ó wọlé. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin, láìsọ̀rọ̀.

A jókòó sórí ìjókòó ọkọ̀ náà, a sì sọ ohun tó yẹ kí a ti sọ tipẹ́. Wọ́n gbà pé àwọn kò ní wakọ̀ lálẹ́ mọ́, àti pé àwọn kò ní wà á kọjá ìlú. Bí ìrìn àjò sí Ìkòròdú bá wà, èmi ni màá wá gbé wọn. Wọ́n tún gbà kí n mú wọn lọ rí dókítà. Làkúrègbé ni, dókítà sì fún wọn ní oògùn àti eré ìdárayá tí wọn yóò máa fi ìka ṣe. Ó tún dán agbára ọwọ́ wọn wò lórí sítíárìn àti bíréèkì, ó sì ní kí wọ́n máa padà wá fún àyẹ̀wò kí a lè mọ ìgbà tí ó bá tó láti fi ọkọ̀ sílẹ̀. Inú bàámi kò dùn sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ, èmi náà sì gbọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, èrò mi sì ni pé nítorí ọmọdé ni wọ́n ṣe pa á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí òbí yín wà nílé, bí ẹ bá tún dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ wo ohun kéékèèké tí ọwọ́ wọn ń fi sílẹ̀: ìdérí ìgò tí kò ṣí, fèrèsé tí kò ṣeé tì mọ́, ṣóòkù tó wà níta láti ìgbà ọyẹ́. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan náà ló le.

Mo fi ohùn ẹ́ńjìnnì náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí WhatsApp. Ó gbọ́ ọ, ó ní kí n sọ fún àwọn oní-irin àlòkù pé kí wọ́n má wá mọ́. Lítà 20 ti padà sí nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, yálà òtútù wà tàbí kò sí, bàámi á fa ṣóòkù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì tì í padà, bí ọ̀gá Ògòlòǹtò ṣe wí, kí ó má bàa sinmi jù. Màámi ní ìka wọn náà ló ń ṣe eré ìdárayá tí dókítà ní kí ó máa ṣe.